Ìwé tó di fíìmù: ibo ló yẹ kí ìjọra wọn dé? Ìbéèrè àti ìdáhùn

A kọ èyí fún òǹkàwé tí inú rẹ̀ ò dùn sí ohun tí wọ́n fi ìwé tó fẹ́ràn ṣe, fún ẹni tó fẹ́ sọ ìwé di ìwé eré, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń ya fíìmù, àti fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀tọ́ ìwé. Èrò tí a gbé gbogbo ìdáhùn lé ni pé gbèsè tí fíìmù jẹ ìwé ni ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣeé pààrọ̀.

Ṣé dandan ni kí fíìmù tẹ̀lé ìwé láìyẹsẹ̀?

Rárá, kò tilẹ̀ ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn rò pé ohun tó bá ti wu òun lòun lè fi ìwé oníwèé ṣe. Ẹni tó ra ìwé kan nítorí òkìkí rẹ̀, tó wá ń fi orúkọ ìwé náà ta ìtàn mìíràn, ó ti rẹ́ òǹkàwé jẹ.

Ẹ wo Jaws, ìtàn ẹja ńlá kan tó ń pa èèyàn létíkun. Nínú ìwé tí Peter Benchley kọ ní 1974, ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá ń bá Hooper, onímọ̀ nípa ẹja, ṣe àgbèrè, ẹja náà sì pa Hooper níkẹyìn. Nínú fíìmù tí Steven Spielberg darí ní 1975, kò sí àgbèrè kankan, Hooper ò sì kú. Ìyípadà ńlá lèyí. Síbẹ̀, ohun tó gbé ìwé náà ró wà níbẹ̀ digbí: ọ̀gá ọlọ́pàá kan mọ̀ pé ikú wà nínú omi, àwọn aláṣẹ ìlú ò sì fẹ́ ti etíkun pa torí owó tó ń wọlé. Àgbèrè yẹn kò ti ọ̀rọ̀ yìí síwájú. Yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ ló jẹ́ kí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wọ ọkọ̀ ojú omi náà lè di ọ̀rẹ́ lójú wa.

Kí ló dé tí wọn kì í fi gbogbo ohun tó wà nínú ìwé síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ tó ní ọ̀rọ̀ 100,000 máa ń tó ojú ìwé 350 sí 400. Ẹni tó bá ń kà á sókè, tó ń ka ọ̀rọ̀ 150 láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò lò tó wákàtí mọ́kànlá kó tó kà á tán. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù sì máa ń ka ojú ìwé kan nínú ìwé eré sí ìṣẹ́jú kan lójú sinimá. Fíìmù wákàtí méjì nìyẹn, ojú ìwé 120 ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sábà ju 25,000 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ ní àyè fún, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, àwòrán máa ń dín ọ̀rọ̀ kù. Ilé tí òǹkọ̀wé fi ojú ìwé méjì ṣàpèjúwe, kámẹ́rà á fi hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìpinnu, iyèméjì àti ọdún tó ń gorí ọdún kì í dín kù bẹ́ẹ̀. Erich von Stroheim gbìyànjú láti kó ìwé McTeague wọlé tòun ti gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ nígbà tó ń ṣe fíìmù Greed. Ohun tó kọ́kọ́ gé pọ̀ gùn tó nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Ilé iṣẹ́ tó ni fíìmù náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gé e títí ó fi kù díẹ̀ lé ní wákàtí méjì, wọ́n sì gbé e jáde ní 1924. Ohun tí wọ́n gé dànù ti ṣègbé. Ẹni tí kò bá yan ohun tí yóò yọ fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a yàn án, onítọ̀hún sì lè má ka ìwé náà rí.

Báwo la ṣe ń mọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn?

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà níbí, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá. Ẹ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan láìmú bírò dání. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣì ń rántí sílẹ̀ láìṣí ìwé náà wò. Ohun tó kù lọ́kàn yín lẹ́yìn tí orúkọ àti déètì ti fò lọ, ó sábà máa ń sún mọ́ ìdí ìtàn.

Ẹ wá kà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, káàdì kan. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó ń fẹ́ nǹkan, ohun tó ń fẹ́, ohun tó dí i lọ́nà, àti ohun tó yí padà kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó parí. Ìwé tó nípọn lè mú káàdì tó 150 wá. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tó lè so káàdì kan mọ́ èkejì. Bó bá jẹ́ “nítorí náà” tàbí “ṣùgbọ́n” ló bọ́ sí i, káàdì yẹn ń gbé nǹkan ró. Bó bá jẹ́ “lẹ́yìn náà” nìkan ló gbà, ó ṣeé yọ, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ yọ títí káàdì yóò fi kù bíi 40 sí 60, torí iye ìran ńlá tí fíìmù wákàtí méjì lè gbé láìdà rú nìyẹn.

Nínú èyí tó kù, ohun mẹ́rin ni a kì í yí padà láìní ìdí tó lágbára gan-an. Èkíní ni ìpinnu tí olú ẹ̀dá ìtàn ṣe tí kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Èkejì ni ohun tí ìpinnu yẹn ná an. Ẹ̀kẹta ni ètò ìmọ̀: ta ló mọ kí ni, nígbà wo ló mọ̀ ọ́n, ṣé òǹwòran mọ̀ ṣáájú ẹ̀dá ìtàn àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló mọ̀? Ẹ̀kẹrin ni ohùn ìwé náà. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ ikú pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ kò ní jẹ́ ìwé yẹn mọ́ bí fíìmù bá fi ẹkún sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kódà bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ bá pé ṣánṣán. Ẹ̀kẹrin yìí ni àwọn tó ń fi ìwé wé fíìmù máa ń gbàgbé, nítorí kò sí lára ohun téèyàn lè fi àmì sí nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ̀dá ìtàn wo la kọ́kọ́ ń yọ?

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń ṣe. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá wà tí olú ẹ̀dá ìtàn ń sọ àṣírí fún, ọ̀kan tó. Ṣùgbọ́n pípa wọ́n pọ̀ sábà máa ń dára ju yíyọ wọ́n lọ. Nínú ìtàn tí Stephen King kọ, èyí tí fíìmù The Shawshank Redemption ti jáde, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n bí mélòó kan ló jẹ tẹ̀léra wọn láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Frank Darabont sọ wọ́n di ẹnì kan ṣoṣo nínú fíìmù tó ṣe ní 1994. Ohun tó rí níbẹ̀ kọjá àkókò tó dín kù: ìkà tó fọ́n ká sára àwọn ọ̀gá wá ní ojú kan tí òǹwòran lè kórìíra, ìṣubú ọ̀gá yẹn níkẹyìn sì wá ní ìtumọ̀.

Ẹ̀dá ìtàn tó ní ayé tirẹ̀, tí ayé yẹn ò kan ìpinnu olú ẹ̀dá ìtàn, òun náà ṣeé yọ. Tom Bombadil kò sí nínú fíìmù Lord of the Rings ti 2001. Ó dun àwọn olólùfẹ́ ìwé náà títí dòní, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà kò dúró torí àìsí rẹ̀.

Kí ló sábà máa ń bàjẹ́?

Èèyàn rò pé ohun tí wọ́n yọ ló máa ń ba fíìmù jẹ́. Nínú ìwé eré tí a bá yẹ̀ wò, àyípadà tí wọn kò tọpa rẹ̀ dé ìparí ló máa ń fa wàhálà jù. Ká ní ẹ sọ bàbá tó ti kú nínú ìwé di alààyè torí pé òṣèré gbajúmọ̀ kan fẹ́ kópa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí ọmọ náà fi fi ilé sílẹ̀ lójú ìwé 30 ni pé kò ní alábàárò. Ní báyìí ó ní in, ó sì ṣì ń fi ilé sílẹ̀. Òǹwòran tí kò ka ìwé rí yóò béèrè pé, “Kí ló dé tí kò sọ fún bàbá rẹ̀?” Kò sí ìran kankan tó lè dá a lóhùn. Òǹkọ̀wé eré á wá fi ìjà ráńpẹ́ kan sí àárín bàbá àti ọmọ kó lè dí ihò náà, ìjà yẹn á tún ní kí wọ́n parí rẹ̀ níbòmíràn, báyìí ni ìran mẹ́ta tí kò sí nínú ìwé á ṣe gba àyè ìran mẹ́ta tó dára.

Nítorí náà, gbogbo àyípadà ló yẹ kó ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀: ohun tí a yí, ìdí rẹ̀, àti gbogbo ojú ìwé tí ohun náà ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá lè tọ́ka sí ó kéré tán ìran méjì tí àyípadà náà mú sàn, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nínú ìwé.

Àṣìṣe kejì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ìwé jù. Yóò fi ọ̀bẹ tí olú ẹ̀dá ìtàn jogún hàn torí pé gbogbo òǹkàwé mọ ọ̀bẹ náà, ṣùgbọ́n ojú ìwé mẹ́wàá tó sọ ohun tí ọ̀bẹ náà jẹ́ ti lọ. Ẹni tó ka ìwé yóò mi orí pé òun mọ̀ ọ́n; ẹni tí kò kà á kò rí ju irin lọ. Fíìmù tí èèyàn ní láti lọ ka ìwé kó tó yé e kò tíì parí.

Ẹ̀kẹta ni ìyára tó dọ́gba. Wọ́n á mú gbogbo orí ìwé, wọ́n á fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò ní sí ibi tí ìtàn ti mí. Ó sàn kí ẹ fo orí mẹ́fà kí ẹ sì fún orí keje ní ogún ìṣẹ́jú.

Ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń rò lọ́kàn ńkọ́? Ìwé lè sọ ọ́, fíìmù ò lè sọ ọ́.

Fíìmù lè fi hàn, bí ẹ bá wá ohun tí ọwọ́ àti ojú lè ṣe. Ká ní gbólóhùn yìí wà nínú ìwé: “Ó mọ̀ pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun ń pa pé owó náà pé, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe é, kò sì fẹ́ kójú tì í níwájú ìyàwó rẹ̀.” Ẹni tó ń wá ọ̀nà tó yá á ní kí ohùn àbúrò náà máa ka gbólóhùn yìí lẹ́yìn àwòrán. Ẹ wo ọ̀nà mìíràn:

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na àpòòwé sí i. Ó gbà á, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dúró díẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn ń wo ilẹ̀. Ó ki àpòòwé bọ àpò láìṣí i. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Ẹ ò ní kà á ni?” Ó fèsì pé, “Mo ti kà á, ìyàwó wa. Ó pé.”

Kò tó ìdajì ojú ìwé eré. Àtàǹpàkò yẹn sọ pé ó mọ̀. Irọ́ tí òun náà pa sọ pé àánú ṣe é. Ìyàwó tó béèrè ló jẹ́ ká mọ ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bo ojú. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó wà nínú ìwé, kò sì sí ohun kan tó wà nínú gbólóhùn yẹn tó sọnù. Irú òótọ́ tí a ń béèrè lọ́wọ́ fíìmù nìyí.

Ohùn asọ̀tàn ní ibi tó ti dára. Bí bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn bá wà lára ìtàn fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà. Ìwé Gone Girl ní asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe méjì, ọkọ àti ìyàwó tí kálukú ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn, a sì fẹ́ mọ èyí tó yẹ ká gbà gbọ́ nínú wọn. Fíìmù ọdún 2014 kò lè ju ìwé ìrántí ìyàwó náà nù, torí inú ìwé ìrántí yẹn ni ẹ̀tàn wà. Asọ̀tàn arínúróde, ìyẹn èyí tó mọ inú gbogbo ẹ̀dá ìtàn, ló sábà máa ń kú láìdun ẹnikẹ́ni, nítorí kámẹ́rà ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà tí ẹ lè fi dán an wò: ẹ pa ohùn náà, kí ẹ wo ìran náà. Bí kò bá sí ohun tó dín kù, ẹ má dá a padà.

Ṣé a lè yí ìparí padà?

Ẹ lè yí ibi tí ìtàn parí sí padà. Ẹ má yí ìdáhùn tí ìparí náà fún ìbéèrè ìwé padà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ìwé mìíràn lẹ ń kọ. Darabont kan náà yí ìparí The Mist padà nínú fíìmù 2007. Ìtàn King parí sí àárín ojú ọ̀nà pẹ̀lú ìrètí kékeré. Ìparí fíìmù bani nínú jẹ́ gidigidi. King fúnra rẹ̀ gbóríyìn fún un, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtàn yẹn ti ń béèrè ohun tí ìbẹ̀rù ń sọ èèyàn dà, ìparí tuntun náà sì gbé ìbéèrè yẹn dé góńgó.

King kan náà kò fẹ́ràn The Shining tí Stanley Kubrick ṣe ní 1980. Nínú ìwé, bàbá tó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ ṣọ́ ilé ìtura kan jẹ́ èèyàn rere tí ọtí àti ilé ìtura náà ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, ìfẹ́ tó ní sí ọmọ rẹ̀ sì yọjú kó tó kú nígbà tí ilé náà jóná. Nínú fíìmù, ó ti dà bí ẹni tí orí rẹ̀ ń dàrú kó tó dé ilé ìtura, inú yìnyín ló sì dì sí. Ní 1997, King kọ ẹ̀yà tirẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. Ti Kubrick ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí iṣẹ́ ọnà ńlá, àwa náà kà á sí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ òótọ́ ni ẹ̀sùn King: ìrìn àjò bàbá náà láti rere sí ibi, ìdí ìwé náà ni. Fíìmù lè dára púpọ̀ kó má sì jẹ́ olóòótọ́ sí ìwé. Kò yẹ kí a fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ṣé ó burú kí a gbé ìtàn lọ sí ilẹ̀ tàbí ìgbà mìíràn?

Kò burú rárá, bí ohun tó ń fún ẹ̀dá ìtàn lọ́rùn nínú ìwé bá ní ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tuntun. Clueless (1995) gbé Emma, ìwé Jane Austen ti 1815, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Beverly Hills. Ó ṣiṣẹ́ torí pé ipò, aṣọ àti ẹni tó yẹ kéèyàn bá rìn lágbára níbẹ̀ bí wọ́n ṣe lágbára láàárín àwọn ọlọ́rọ̀ abúlé tí Austen kọ nípa wọn. Ká ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti bìkítà nípa ipò ni wọ́n gbé e lọ, ìtàn náà kò ní ní egungun.

Kí ẹ tó gbé ìtàn kúrò níbi tó wà, ẹ to àwọn òfin àti ìtìjú tó ń dí ẹ̀dá ìtàn lọ́nà sílẹ̀, kí ẹ kọ ẹgbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan ní ibi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù alágbèéká nìkan ti pa àìmọye ìtàn tó dúró lórí lẹ́tà tó pẹ́ dé.

Ṣé ká lo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn bó ṣe wà nínú ìwé?

Bó bá dùn lẹ́nu, ẹ lò ó. Ìwé The Maltese Falcon ti di fíìmù lẹ́ẹ̀mejì, ní 1931 àti 1936, kí John Huston tó ṣe tirẹ̀ ní 1941. Tirẹ̀ ló rọ̀ mọ́ ìtàkùrọ̀sọ inú ìwé náà jù, òun náà ni ayé ń rántí. Ṣùgbọ́n Dashiell Hammett, ẹni tó kọ ìwé náà, ń kọ ọ̀rọ̀ ṣókí tó mú bí abẹ ni. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í kọ báyẹn. Ẹ jẹ́ kí òṣèré kà á sókè. Ibi tó bá ti ń wá èémí láàárín gbólóhùn, ẹ gé e.

Ṣé kò ní sàn ká sọ ìwé di eré alápá púpọ̀?

Fún ìwé tó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó so mọ́ra, ó sàn. Pride and Prejudice ti BBC ní 1995 jẹ́ apá mẹ́fà, ó sì ráyè fún àwọn ìbẹ̀wò àti lẹ́tà tí fíìmù 2005 ní láti fún pọ̀ sí wákàtí méjì àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè púpọ̀ ní ewu tirẹ̀. The Hobbit, ìwé ọmọdé kan ṣoṣo tó jáde ní 1937, di fíìmù gígùn mẹ́ta láàárín 2012 sí 2014, ohun tí wọ́n fi kún un sì bo ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀.

Apá kọ̀ọ̀kan ní láti ní ìbéèrè àti ìparí tirẹ̀. Ẹ má fi iye orí ìwé pín in. Ẹ wá ibi tí nǹkan ti yí padà láìlè padà sẹ́yìn. Bí irú ibẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, apá mẹ́rin ni ìwé yín ní, ohunkóhun tó wù kí ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fẹ́.

Ṣé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ ìwé eré?

Bó bá lè pa ohun tó bí. John Irving ló kọ ìwé eré The Cider House Rules láti inú ìwé ara rẹ̀. Ó yọ Melony, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn tó lágbára jù níbẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún iṣẹ́ náà. Òǹkọ̀wé tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣe olùdámọ̀ràn: ẹ fi àkójọ káàdì hàn án kí ẹ tó kọ ojú ìwé kan, kí ẹ bi í léèrè ohun tí yóò dun òun jù bó bá sọnù. Ìdáhùn rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu.

Ẹ̀tọ́ wo la gbọ́dọ̀ rà?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀tọ́ àdàkọ ìwé náà ṣì wà láàyè. Lábẹ́ Àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, kò gbọ́dọ̀ dín ní 50 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti sọ ọ́ di 70. Bí ìtúmọ̀ ìwé náà sí èdè mìíràn lẹ ń lò, olùtúmọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí orin tàbí ewì ẹlòmíràn bá wà nínú ìwé náà, àṣẹ òǹkọ̀wé kò kárí rẹ̀.

Àdéhùn option ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹ san owó díẹ̀, ó sábà máa ń tó ìdá mẹ́wàá iye tí ẹ máa fi ra ẹ̀tọ́ náà, kí òǹkọ̀wé má tà á fún ẹlòmíràn fún oṣù 12 sí 18. Kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ bóyá fíìmù kan ni tàbí eré alápá púpọ̀, ta ló ni ẹ̀tọ́ sí apá kejì, ìgbà tí ẹ̀tọ́ yóò padà sọ́wọ́ òǹkọ̀wé bí ẹ kò bá ya fíìmù náà, àti ohun tí ẹ lè yí padà láìbéèrè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Yíyí orúkọ padà kò gba ẹnikẹ́ni là. Àwọn tó ṣe Nosferatu ní 1922 sọ Dracula di Orlok láìgba àṣẹ. Opó Bram Stoker, ẹni tó kọ Dracula, pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní Jámánì sì pàṣẹ pé kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tó ti rìn jìnnà nìkan ló yè é.

Ṣé kí n ka ìwé kí n tó wo fíìmù?

Bí ìwé bá ní àṣírí tó dúró lé, ẹ kọ́kọ́ kà á. Bí kò bá ní, èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́ náà ti dáa.

Báwo la ṣe ń yẹ ìwé eré wò kí a tó lọ ya fíìmù?

Ẹ fún èèyàn mẹ́fà kà: mẹ́ta tó fẹ́ràn ìwé náà, mẹ́ta tí kò kà á rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ẹ bi ìkọ̀ọ̀kan pé kí ni olú ẹ̀dá ìtàn ń fẹ́, kí ló ná an, ibo ni kò ti yé e. Bí àwọn tí kò ka ìwé bá ṣi ìbéèrè méjì àkọ́kọ́, ìwé eré ṣì ń gbára lé ìwé. Bí àwọn tó kà á bá dáhùn wọn lọ́nà tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe máa dáhùn nípa ìwé, ẹ ti kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ padà sí káàdì. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀dùn ọkàn nípa ìran kan tó sọnù nìkan ni wọ́n ní, ẹ gbọ́ wọn dáadáa, ẹ kọ orúkọ ìran náà sílẹ̀. Bí ẹni méjì nínú wọn bá dárúkọ ìran kan náà láìgbìmọ̀, ẹ wá ojú ìwé méjì fún un.